Iye Tí Ẹni Tí Ebi Ò Pa Máa Tà Á

Ọjọ́ Ajé, 7 Jánúárì 1985

Ọyẹ́ yìí fẹ́ pa wá. Ètè mi ti là, eruku sì ti bo gbogbo ìwé orí tábìlì mi kí n tó dé ọ́fíìsì. Èmi fúnra mi ni mo nù wọ́n, nítorí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi da ojú ewé rú. Iṣẹ́ ìparí ọdún bẹ̀rẹ̀ lónìí. Bàbá Bándélé tó ń ṣe é láti ọdún mọ́kànlá ti fẹ̀yìn tì, ó wá ku èmi Adépéjú, akántáǹtì àgbà ní Láwàlì àti Àwọn Ọmọ, Òkè-Ìlèwó, àwọn tó ń ta páànù, ìṣó àti ọ̀dà. Mo kọ ọ́ síbí kí n lè máa rí i: akántáǹtì àgbà.

N kò tíì jókòó dáadáa tí MD fi pè mí. Mọ́nsúrù, MD wa, ni àkọ́bí Alhaji Láwàlì, òun ló ń darí ilé-iṣẹ́ láti ìgbà tí ojú Alhaji ti ń ṣe bàìbàì. Ó ní, "Màdáàmù, Ìyá Bùsírátù fẹ́ ta ìpín ẹ̀ padà fún wa. Gbogbo ìdá kan nínú mẹ́rin tó ní nínú ilé-iṣẹ́ yìí. Ẹ tètè bá wa parí ìwé ọdún, iye tó bá wà níbẹ̀ la máa fi ṣírò owó ẹ̀."

Ìyá Bùsírátù ni Sìlífátù, opó àbúrò Alhaji. Alhaji àti ọkọ rẹ̀ ló jọ dá ilé-iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí obìnrin náà fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ní Wásinmi ti kú pátápátá, ó sì ń wá ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà fún ẹ́ńjìnnì tuntun, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún gààrì àti òrùlé tó máa bò wọ́n. Gẹ́gẹ́ bí ìwé ọdún tó kọjá, ilé-iṣẹ́ yìí kò ju ₦36,000 lọ tí a bá san gbèsè rẹ̀ tán. Ìdá mẹ́rin kan jẹ́ ₦9,000. Ó máa ta gbogbo ogún ọkọ rẹ̀, ẹgbẹ̀rún kan náírà ló sì máa kù lọ́wọ́ rẹ̀.


Ọjọ́bọ̀, 10 Jánúárì

Agolo mílíìkì kan ti di náírà kan. Mo mu tíì mi ní dúdú.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15 Jánúárì

Mo dé orí àwọn ṣíà lónìí, ìyẹn ìpín tí ilé-iṣẹ́ wa ní nínú ilé-iṣẹ́ ẹlòmíràn. Lọ́dún 1977, nígbà tí ìjọba ní kí àwọn òyìnbó ta nínú ilé-iṣẹ́ wọn fún wa, Alhaji fi owó ilé-iṣẹ́ ra oríṣi méjì. Ó ra ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ṣíà Dúróṣinṣin Páànù, èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà ṣíà l'Ékòó, ní kọ́bọ̀ márùndínlọ́gọ́rin ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó sì ra ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ti Ilé Òróró Ìfọ̀ ní náírà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn kò sí lọ́jà kankan, àwọn ènìyàn ló ń tà á fún ara wọn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦23,000.

Mo ṣí ìwé ọdún 1978: ₦23,000. Mo ṣí 1979: ₦23,000. Mo ṣí gbogbo rẹ̀ dé ọdún tó kọjá. Iye kan náà, bí ẹni pé nǹkan kan kò yí padà ní Nàìjíríà láti ìgbà náà. Tíṣà mi kan máa ń sọ pé iye tí a rà á jẹ́ ìtàn, iye tó ń jẹ lónìí ni ìròyìn. Ìtàn nìkan ni Bàbá Bándélé ń kọ láti ọdún náà wá.

Mo bi MD. Ó ní, "Bí Baba ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Baba kì í pe owó lé ohun tí kò tíì tà." Òótọ́ ni, gbogbo Ṣàpọ́n, àdúgbò rẹ̀, ló mọ̀ ọ́n mọ́ Alhaji. Lójú tirẹ̀, oníṣòwò tó bá ń ka èrè tí kò tíì jẹ ń purọ́ fún ara rẹ̀. Ìwà ọmọlúàbí ni, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ra ìpín lọ́wọ́ opó kò lè fi ìwà ọmọlúàbí ẹlòmíràn ṣe òṣùwọ̀n.


Ọjọ́ Ẹtì, 18 Jánúárì

Ẹ bá mi yọ̀! Èmi ni mo ń kí ara mi o, kò sí ẹlòmíràn níbí.

Mo yẹ ìwé owó èrè tí Dúróṣinṣin Páànù fi ránṣẹ́ lọ́dún tó kọjá wò. Kọ́bọ̀ mẹ́wàá ni wọ́n san lórí ṣíà kọ̀ọ̀kan. Owó tó wọlé: ₦3,750. Bàbá Bándélé kọ ọ́ sílẹ̀, ó fi rúlà fa ìlà pupa sí abẹ́ rẹ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀, ó dìde, ó lọ jẹun. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ṣíà ní kọ́bọ̀ mẹ́wàámẹ́wàá, ₦2,000 ló yẹ kó jẹ́. Ta ló ń fún wa ní ₦1,750 tí a kò ṣiṣẹ́ fún? Mo tẹ ẹ̀rọ ìṣirò mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Owó tó tó bẹ́ẹ̀, ẹni tó ní 37,500 ṣíà ni wọ́n ń san án fún.

Mo kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì tó ń tọ́jú orúkọ àwọn oníṣíà l'Ékòó kí n tó lọ sílé. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan Túbọ̀sún ọkọ mi. Ẹni tó bá pariwo kí ó tó dájú yóò gbé ariwo rẹ̀ mì.


Ọjọ́ Ẹtì, 1 Fẹ́búárì

Lẹ́tà Èkó dé. Ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlógójì àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni a ní. Mo dìde dúró níwájú ìwé náà bí ẹni tó ń gba ẹ̀bùn ní ilé-ìwé. Ní 1980 wọ́n fi ṣíà kan bónọ́ọ̀sì, tí a kò san owó fún, lé méjì-méjì tí a ní. Ní 1983 wọ́n tún fi kan lé mẹ́rin-mẹ́rin. Wọ́n ní àpótí lẹ́tà Alhaji ní pósí-ófíìsì Ṣàpọ́n ni àwọn fi sàtífíkéètì, ìwé ẹ̀rí wọn, ránṣẹ́ sí.

Ìwé ìròyìn àná sọ pé ₦2.10 ni ṣíà wọn ń jẹ. ₦78,750. Ìwé wa sì ń pè é ní ₦15,000!


Ọjọ́rú, 6 Fẹ́búárì

Mo lọ sí Ṣàpọ́n lẹ́yìn ìrun Àsárì. Alhaji wà lórí ẹní rẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, rédíò rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Alhaji. Ẹ kú ìsinmi."

"Akántáǹtì! Kú iṣẹ́ o. Ṣé kò sí nǹkan tó wọ́ lọ́hùn-ún?"

Mo ní kò sí ohun tó wọ́, mo ní ohun tó sọnù ni mo ń wá. Mo ròyìn àwọn sàtífíkéètì náà fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n ki ọwọ́ sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí n fa agolo bisikíìtì tó wà níbẹ̀ jáde. Mo ṣí i. Owó tí a fi rọ́bà so wà níbẹ̀, àpò ìwé gígùn méjì sì wà ní abẹ́ owó náà. A ti ṣí ọ̀kan, èkejì kò tíì rí àfẹ́fẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́.

Alhaji ní, "Owó yẹn, èlé báńkì ni. Mi ò jẹ ẹ́ rí. Òun ni mo fi ń tún gọ́tà àdúgbò ṣe. Ìwé méjì yẹn náà, wọ́n kọ bónọ́ọ̀sì sí i lára. Mo bi Bándélé, ó ní ó túmọ̀ sí pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún wa. Ohun tí mi ò fi owó rà, tí mi ò fi òógùn ṣe, tó kàn ń bímọ lórí owó, ribà ni, èlé tí ẹ̀sìn wa kọ̀. Mo bá kó o pọ̀ mọ́ èlé báńkì. Ṣùgbọ́n mi ò mọ bí èèyàn ṣe ń fi bébà tún gọ́tà ṣe, ló jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀."

Ẹ̀rín gbọ̀n mí nínú, mo gbé e mì. Mo ní, "Alhaji, kì í ṣe ọ̀fẹ́. Èrè yín tó yẹ kí wọ́n pín fún yín ni wọ́n fi sílẹ̀ sínú òwò. Ìwé yìí ni ẹ̀rí pé tiyín ṣì ni."

Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ẹ dùn létí. Ṣùgbọ́n ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni ẹ́. Jẹ́ kí n bi Alfa."

Kò bí mi nínú rárá. Èmi náà kò ní jẹ́ kí Alfa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gba oúnjẹ Olúwa.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 Fẹ́búárì

Wọ́n pè mí wá sí Ṣàpọ́n láti ṣàlàyé fún Alfa. Ọkùnrin náà kéré lọ́jọ́ orí sí ohun tí mo rò, ó sì fara balẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: "Bí kọ́ńpìnnì páànù yìí bá pàdánù, ṣé àwọn ìwé bónọ́ọ̀sì yìí máa pàdánù pẹ̀lú ẹ̀?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Alfa. Bí ó bá wọlẹ̀ lọ́la, bébà lásán ni gbogbo wọn."

Ó yíjú sí Alhaji. "Èlé kì í bá ẹnikẹ́ni pàdánù, Alhaji. Èyí tó ń bá yín jẹ èrè, tó tún lè bá yín jẹ òfò, òwò ni. Ẹ kó owó yín."

Alhaji ní, "Alihamudulilahi. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń ṣọ́ owó ara mi bí owó olówó." Ó na àwọn ìwé náà sí mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Mo gba bọ́ọ̀sì padà sílé, mo di báàgì mi mú ní àyà. Orí mi wú, n kò lè purọ́.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 Fẹ́búárì

Ọjọ́ ìmọ́tótó. Mo gbálẹ̀, mo kó gọ́tà. Ẹnikẹ́ni kò fi bébà tún un ṣe.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2 Máàṣì

Túbọ̀sún ń kọ́ni ní Wásinmi, ó ní kíláàsì àfikún lónìí, mo bá a lọ. Ti Ilé Òróró Ìfọ̀ ló ń dà mí láàmú. Èyí tó wà lọ́jà Èkó rọrùn, ìwé ìròyìn á sọ iye rẹ̀ fún ọ. Èyí tí kò sí lọ́jà, ta la máa bi? Mo gbọ́ pé àwọn kan ní Wásinmi ta tiwọn lọ́dún tó kọjá. Ẹni tó mọ̀ wọ́n jù ni Ìyá Bùsírátù, nítorí pé òun náà ń ta èkùrọ́ fún ilé-iṣẹ́ òróró ọ̀hún.

Mo bá a níbi tó ti ń fi ọwọ́ rin ẹ̀gẹ́. Fi ọwọ́! Agbada gààrì mẹ́rin wà níbẹ̀, iná wà lábẹ́ ẹyọ kan péré. Ẹ́ńjìnnì tó kú náà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, adìyẹ ti yé sí abẹ́ rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá."

"O kú ọ̀nà, ọmọ mi. Jókòó. Má wo ọwọ́ mi, kò ṣe é bọ̀."

Mo bi í nípa àwọn tó ta ṣíà. Ó ní ènìyàn méjì ni. Mọ́ṣúdù, aládùúgbò rẹ̀, ta tirẹ̀ ní ₦1.80. Oníkòkó kan ní Ìfọ̀ ta tirẹ̀ ní ₦2.60. Mo ní kí n kọ èyí tó wà láàárín méjèèjì. Ó ju ẹ̀gẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Èwo ni kí o kọ àárín? Ìpákè Mọ́ṣúdù ló wú, dókítà ní kó mú owó wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Àìsàn ló tà á, kì í ṣe Mọ́ṣúdù! Ṣé wàá wá fi owó tí àìsàn pè é díwọ̀n ọjà? Gbọ́ mi, ọmọ mi. Iye tí ẹni tí ebi ò pa máa tà á fún ẹni tí kò kánjú, òun ni iye. Èyí tó kù, ọ̀rọ̀ ìgbà ìpọ́njú ni."

Mo ti ka ìwé tó nípọn ju búlọ́ọ̀kù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti fi ojú ewé mẹ́ta dáhùn ìbéèrè kan lórí rẹ̀ nínú ìdánwò. Kò sí èyí tó mọ́ tó ọ̀rọ̀ obìnrin tí kò kàwé yìí. Mo kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé owó ọkọ̀ mi.

Nígbà tó yá ló sọ pé, "Tèmi náà, kí Mọ́nsúrù ṣáà tètè san án. Wọ́n ní páànù ò tà mọ́, wọ́n ní ilé-iṣẹ́ ń rù. Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án yẹn, mo fẹ́ gbà á kó tó di ẹgbẹ̀rún mẹ́rin."

Omi fẹ́ bọ́ lójú mi. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ mi ní òfin náà ni ebi ń pa, òun ló sì ń tà. Bẹ́ẹ̀ n kò lè la ẹnu sọ ohun tó wà nínú báàgì mi fún un, nítorí pé ìwé tí àwọn dàírẹ́kítọ̀ kò tíì fọwọ́ sí, àṣírí ni. Mo ra kọ́ńgò gààrì márùn-ún tí n kò nílò.


Ọjọ́ Ajé, 18 Máàṣì

Mista Herbert, ọ̀dítọ̀ wa, dé láti Ìbàdàn. Ooru mú, ó sì wọ kóòtù àti táì síbẹ̀. Ó yẹ iṣẹ́ mi wò láti aago mẹ́sàn-án dé aago mẹ́ta, ó kàn ń ṣe hùn-ún, hùn-ún. Ó dé orí àlàyé keje, ìyẹn èyí tí mo kọ sí abẹ́ ìwé ìṣirò nípa àwọn ṣíà. Mo fi iye tí a rà wọ́n sílẹ̀ níbi tó wà. Mo wá kọ iye tí wọ́n ń jẹ lónìí sí abẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú bí a ṣe rí i, mo sì yí òfin Ìyá Bùsírátù sí èdè ìwé. Ti Dúróṣinṣin Páànù, ₦78,750, láti inú ìwé ọjà Èkó. Ti Ilé Òróró, mo fi ₦2.50 sí orí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo yọ ti Mọ́ṣúdù kúrò, mo wo ti oníkòkó, mo wo èrè tí wọ́n ń san fún ọdún mẹ́ta, mo sì dín kọ́bọ̀ mẹ́wàá kù nítorí pé èèyàn kò lè rí ẹni tó máa rà á ní ọjọ́ kan. ₦20,000. Àpapọ̀: ₦98,750.

Ó ní, "Ibo lẹ ti rí gbólóhùn yìí, nípa ẹni tí ohunkóhun kò fipá mú?"

Mo ní, "Wásinmi ni, sà. Ibi tí wọ́n ti ń rin ẹ̀gẹ́."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní kí n fi ohun kan kún un: kí ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà mọ ohun tó wà nínú ọjà náà dọ́gba. Ó ní bí ọ̀kan bá mọ̀ tí èkejì kò mọ̀, iye yẹn kì í ṣe iye, bó ti wù kí wọ́n gbọn ọwọ́ tó. Ó wá ní, "Mrs. Adépéjú, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Èmi kò lè kọ ọ́ dáa ju báyìí lọ."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gan-an, ọ̀rọ̀ kan kò yẹ̀.


Ọjọ́bọ̀, 28 Máàṣì

Òjò àkọ́rọ̀. Páànù ọ́fíìsì wa ń jò, àwa tí à ń ta páànù.

MD ti ka àlàyé keje. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní, "Màdáàmù, iṣẹ́ yín dára, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ra ti Ìyá Bùsírátù ná. Tí a bá ti rà á tán, kí ẹ tẹ ohun tó wù yín."

"Sà, bí ẹ bá ti rà á tán, ta ni mo ń tẹ̀ ẹ́ fún?"

Ó ní, "Ìwé la bá, ìwé la máa tẹ̀ lé. Òun fúnra ẹ̀ ló ní òun fẹ́ tà, mi ò fi ìbọn sí i lórí."

N kò rò pé ìkà ni Mọ́nsúrù. Ó ń wá owó tó máa fi gba páànù lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o wọlé, ojú ń kán an. Ṣùgbọ́n inú bí mi gan-an.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Éépírì

Ọdún Àjíǹde lọ dáadáa, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kò dáa.

MD gbé ṣẹ́ẹ̀kì wá sórí tábìlì mi. ₦9,000, orúkọ Sìlífátù ló wà lórí rẹ̀. Ó ti fọwọ́ sí i. Ìwé tí obìnrin náà máa tẹ̀ka sí wà lábẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ méjì ni báńkì máa ń wò kí wọ́n tó san owó ilé-iṣẹ́ yìí, ti MD àti ti akántáǹtì àgbà. Mo tún rántí ohun tí mo kọ ní ọjọ́ keje Jánúárì. Mo dé bírò mi.

"Sà, n kò lè fọwọ́ sí i. Mo mọ iye tó jẹ́, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Òun nìkan ni kò mọ̀."

"Ta ló gbà yín síṣẹ́?"

"Alhaji ni, sà. Wọ́n ní kí n máa kọ òótọ́."

Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí n máa lọ sílé, òun á ránṣẹ́ pè mí bí òun bá fẹ́ mi. Mo kó ẹ̀rọ ìṣirò mi, owó mi ni mo fi rà á. Mo kó ife tíì mi. Mo rìn kọjá láàárín àwọn akọ̀wé tí wọ́n ń ṣe bí ẹni pé wọ́n ń kọ nǹkan. Gèlè mi kò yẹ̀.


Ọjọ́rú, 10 Éépírì

Mo wà nílé. Ẹ̀rù ń bà mí. Owó ilé tó oṣù méjì wà nílẹ̀, owó oṣù Túbọ̀sún sì ti pẹ́ kí ìjọba tó san án. Àwọn àgbà ní òótọ́ dé ọjà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Mo ti ń sọ ọ́ láti kékeré, n kò mọ̀ pé èmi ni mo máa ru igbá ọjà náà.


Ọjọ́ Ẹtì, 12 Éépírì

Alhaji fúnra rẹ̀ ló wá! Mọ́tò dúró, wọ́n dì í lápá sọ̀kalẹ̀, òun tí kì í jáde mọ́ bí kò ṣe sí mọ́ṣáláṣí. Mọ́nsúrù ló wà níbi ìdarí ọkọ̀, kò wo ojú mi.

Alhaji kò gbà kí n gbé omi wá. Ó ní, "Mo gbọ́ pé o kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé kan."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Alhaji. Ẹ má bínú."

"Bí o bá fọwọ́ sí i ni ǹ bá bínú. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣọ́ bébà nínú agolo, tí mi ò fọwọ́ kàn án, torí kí n má baà jẹ ohun tí kì í ṣe tèmi. Ṣé ti opó àbúrò mi ni kí n wá jẹ?" Ó yí orí sí apá ibi tí mọ́tò wà, ó gbóhùn sókè díẹ̀. "Padà síbi iṣẹ́ ẹ lọ́jọ́ Ajé. Ogúnjọ́ oṣù yìí la máa ṣe ìpàdé, lọ́dọ̀ mi. Ìwọ lo máa kà á, ní Yorùbá, kí gbogbo wa gbọ́."

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, mo jókòó, mo sunkún dáadáa, mo wá lọ ra ẹja.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 Éépírì

Kí n kọ ọ́ kí n tó gbàgbé ẹyọ kan.

Aago mẹ́wàá, ilé Alhaji ní Ṣàpọ́n. Alhaji, MD, Mista Herbert pẹ̀lú táì rẹ̀, Ìyá Bùsírátù àti èmi. Ìyá Bùsírátù wọ aṣọ tó dáa jù tó ní, ó sì ti ki àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún mọ́ àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni tó ti múra àtitẹ̀ka.

Mo dìde. Mo ka èrè ọdún, mo ka gbèsè, mo ka ọjà tó kù nílẹ̀. Mo dé àlàyé keje. Mo ní, "Àwọn ṣíà tí ilé-iṣẹ́ yìí ní, ₦23,000 la rà wọ́n. Lónìí, ₦98,750 ni wọ́n ń jẹ. Iye tí a pe èyí tí kò sí lọ́jà ni iye tí ẹni tí ohunkóhun kò fipá mú láti tà yóò gbà lọ́wọ́ ẹni tí ohunkóhun kò fipá mú láti rà, tí àwọn méjèèjì sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀."

Ìyá Bùsírátù ní, "Tún un kà."

Mo tún un kà.

Ó ní, "Ọ̀rọ̀ mi nìyẹn."

Mo ní, "Tiyín ni, Màmá."

Lẹ́yìn náà ó ní kí n sọ fún òun, kí n má fi bò, èló ni ìdá mẹ́rin kan òun ń jẹ lónìí yìí. Mo wo Alhaji. Alhaji mi orí pé kí n sọ ọ́. Mo ní, "₦27,937 àti àádọ́ta kọ́bọ̀, Màmá." Mo ka kọ́bọ̀ náà mọ́ ọn. N kò fẹ́ kí ohunkóhun kù.

Mọ́nsúrù ní, "Ìyá Bùsírátù, mi ò ní irú owó yẹn láti rà á."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi, eyín rẹ̀ hàn. "Ta ló ní kí o rà á? Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ni mo ń wá. Mo máa ta ìwọ̀nba tó máa ra ẹ́ńjìnnì, kò tó ìdá mẹ́ta ohun tí mo ní. Ìyókù, ọmọ mi, ebi ò pa mí. Mi ò sì kánjú."

Alhaji ní, "Ìwọ ńkọ́, Mọ́nsúrù? Ṣé o ṣì ń kánjú?"

Mọ́nsúrù wo ilẹ̀. Ó ní, "Rárá, Baba." Lẹ́yìn náà ó wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Màdáàmù, ẹ kú iṣẹ́." Ó ṣòro fún un láti sọ, ó sì sọ ọ́. Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà," mo sì gbà á tọkàntọkàn.


Ọjọ́ Ẹtì, 17 Máyì

Ìwé ọdún ti jáde láti ilé ìtẹ̀wé. Ojú ewé mẹ́sàn-án, àlàyé keje. Orúkọ Alhaji wà níbẹ̀, ti MD wà níbẹ̀, ti Mista Herbert wà níbẹ̀. Tèmi kò sí, kì í sì í wà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Ìyá Bùsírátù wá sí Òkè-Ìlèwó láti gba ẹ̀dà tirẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ti ń dún ní Wásinmi, gbogbo agbada ló ti wà lórí iná nítorí ààwẹ̀ ku ọjọ́ díẹ̀. Ó gbé gààrì wá fún mi, ó tún wẹ́ ju èyí tí mo rà lọ. Ó ní kí n fi ibi tí ọ̀rọ̀ òun wà han òun. Mo fi hàn án. Ó fi àtàǹpàkò rẹ̀, èyí tí kò tẹ̀ sí ìwé ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ti Mọ́nsúrù, lé orí ìlà náà, ó sì dì í mú síbẹ̀.

Ó ní, "Kà á fún mi."

Mo kà á, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn akọ̀wé dáwọ́ dúró, wọ́n ń gbọ́.

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo sọ ọ́."